Kí ló dé tí gbogbo ṣọ́jà fi ní "ó dára púpọ̀"?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́físà ni mí, ipò Kápíténì ni mo wà, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mò ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa. Abẹ́òkúta ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọ̀gá wa ní kí n lo íńtánẹ́ẹ̀tì fi wádìí bí ilé gbígbé, aṣọ iṣẹ́ àti ìtọ́jú ṣe rí lára àwọn ṣọ́jà, àti bóyá wọ́n ṣì fẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣe fọ́ọ̀mù kan lórí Google, mo ní kí kálukú kọ orúkọ àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnì kan má baà dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi líǹkì rẹ̀ sí WhatsApp ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti dáhùn. 'Ó dára púpọ̀' ló kún ibẹ̀. Inú ọ̀gá dùn. Ṣùgbọ́n èmi náà ń gba iwájú ilé wọn kọjá, mo ń rí báfù tí wọ́n gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ṣé irú ìwádìí yìí kò bá iṣẹ́ ológun mu ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ìdáhùn:

Kápíténì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ó bá iṣẹ́ ológun mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ṣọ́jà yín kò dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Ẹni tí wọ́n rò pé yóò ka ìdáhùn náà ni wọ́n dá lóhùn. Ẹni tó bá ti kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù mọ̀ pé ọ̀gá ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ dẹ́pò ni wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ̀gá: "Yẹ́ẹ̀s sà." "Ó dára púpọ̀" tí ẹ rí yẹn, "Yẹ́ẹ̀s sà" ni, ó kàn gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé ni.

Àwọn tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1941, ọjọ́ kejì tí Japan ju bọ́ǹbù sí ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Pearl Harbor, ni àwọn onímọ̀ tó ń bá iléeṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn fún àwọn ọmọ ogun ní ibùdó ológun Fort Bragg. Samuel Stouffer ló wá di aṣáájú onímọ̀ wọn. Kí ogun tó parí, ọmọ ogun tí wọ́n ti bi léèrè ọ̀rọ̀ ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kó àwọn ọmọ ogun jọ sí gbọ̀ngàn kan, ọmọ ogun ẹgbẹ́ wọn ni yóò pín ìwé, kò ní sí ọ́físà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ orúkọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ kọjá ohun tí ọ̀gá kankan lè fọkàn rò. Wọ́n rí i pé ìgbéga ń yá gan-an nínú ẹgbẹ́ òfuurufú, ó ń falẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ológun. Síbẹ̀ àwọn ti òfuurufú ló ń ráhùn jù lórí ọ̀rọ̀ ìgbéga, torí pé ojú wọn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń gòkè. Nígbà tí ogun ń parí, èrò àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ni wọ́n fi ṣètò máàkì tí wọ́n fi pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ sílé: oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ máàkì 1, oṣù kan lókè òkun fi 1 kún un, ọmọ kan jẹ́ 12, kò sì gbọdọ̀ ju ọmọ mẹ́ta lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo fọ́ọ̀mù tiyín, torí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ihò tí bébà kò ní.

Ká ní ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bí ẹ bá ní kí Google gba ìdáhùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, fọ́ọ̀mù náà á ní kí ṣọ́jà kọ́kọ́ fi ímeèlì rẹ̀ wọlé. Lóòótọ́, ẹ̀yin kò ní rí ímeèlì yẹn àfi bí ẹ bá dìídì ní kó gbà á. Ta ló wá sọ fún Kọ́pùrù? Ohun tí òun rí ni pé wọ́n ní kó fi orúkọ wọlé, ọkàn rẹ̀ sì ti pa fọ́ọ̀mù dé nìyẹn.

Èyí tó tún léwu jù ni àkókò. Gbogbo ìdáhùn tó bá wọlé ni tábìlì Google máa ń kọ ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. WhatsApp náà sì máa ń fi han ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù àwọn tó ti kà á, àti ìgbà tí kálukú kà á. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn wò. Ká ní ẹ fi líǹkì síbẹ̀ ní aago 7:10 àárọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ti kà á nígbà tó fi máa di 7:30, ìdáhùn kan sì wọlé ní 7:16 pé "òjò ń wọ ilé wa, kò sì sẹ́ni tó dá wa lóhùn." Ẹ̀yin lè má ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣọ́jà ti ronú kàn án. Ògiri létí, ẹni tó ń gbé bárékè ló mọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìbéèrè kéékèèké tí irú fọ́ọ̀mù báyìí sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: ipò, ẹ̀ka, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ìpínlẹ̀ abínibí, iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí aburú níbẹ̀. Ẹ tò wọ́n pọ̀: Sájẹ́ńtì, obìnrin, ẹ̀ka ìlera, ọdún 14 lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìpínlẹ̀ Benue. Àwọn tó ń ta ẹ̀bà ní mámì màkẹ́ẹ̀tì á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín kí ẹ tó parí ìbéèrè. Ẹ má béèrè ohunkóhun tí ẹ kò ní lò. Bí ẹ kò bá ní fi ìpínlẹ̀ abínibí ṣe nǹkan kan nínú àbọ̀ yín, kí ló ń ṣe nínú fọ́ọ̀mù? Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 náà wí bẹ́ẹ̀: ohun tí iṣẹ́ bá nílò nìkan ni kí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ipò, ẹ dà á pọ̀ sí mẹ́ta péré: láti kọ́pùrù lọ sí ìsàlẹ̀, sájẹ́ńtì àti wọ́rántì ọ́físà, ọ́físà. Ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pín in sí ọ̀wọ́ ńláńlá. Nígbà tí ẹ bá ń kọ àbọ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kankan tí àwọn tó dáhùn nínú rẹ̀ kò bá tó mẹ́wàá. Mẹ́wàá ni èmi ń lò. Àwọn mìíràn ń lo iye tó dín díẹ̀ tàbí tó lé díẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn obìnrin mẹ́rin tó wà ní ẹ̀ka kan sọ, ẹ ní kò ṣeé ṣe, kí ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà yín pé ẹnì kan lè dáhùn lẹ́ẹ̀mejì kò ṣòro láti kojú. Ẹ tẹ kóòdù sórí bébà péńpé, kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kóòdù kọ̀ọ̀kan kò sì ní ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ pò wọ́n pọ̀ sínú àpò, kí kálukú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó mú tirẹ̀, bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ èésú ṣe ń mú nọ́ńbà ẹni tó máa kọ́kọ́ kó owó. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kọ ẹni tó mú èwo sí. LimeSurvey, ètò ìwádìí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè gbé sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì) tiyín, máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ lè ní kó pa àkọsílẹ̀ àwọn tó ní kóòdù mọ́ lọ́tọ̀, kó sì já okùn tó wà láàárín rẹ̀ àti ìdáhùn. SurveyMonkey, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, máa ń gba àdírẹ́sì IP ẹni tó dáhùn, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹ bá ní kó má gbà á. Èyíkéyìí tó wù kí ẹ lò, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ẹlòmíràn dáhùn fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ wá lọ ṣí tábìlì rẹ̀ wò, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tó gbà.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́? Ẹ fún ọ́físà tó ń bójú tó ààbò ní ìbéèrè yín kà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ibi tí wọ́n wà, iye wọn, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ohun ìjà tó kù: kò sí èyí tó yẹ kó wọ fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́. Ohun tí kò jọ àṣírí lè di àṣírí bó bá pọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018 ni ayé rí i pé máàpù tí Strava, áàpù ìdárayá kan, gbé jáde, èyí tó ń fi ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sáré ìdárayá hàn, ti ya àwòrán ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Afghanistan àti Syria síta. Kò sẹ́ni tó jí fáìlì kankan. Àwọn ọmọ ogun tó ń sáré ìdárayá ló fẹsẹ̀ ara wọn yà á.

Líǹkì inú WhatsApp náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìdí mìíràn sì ni. Bí ẹ bá fi kọ́ àwọn ṣọ́jà pé líǹkì tó bá ti ní "ìwádìí ìtọ́jú ọmọ ogun" lórí ni kí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà iṣẹ́ síbẹ̀, ọmọ Yahoo kan á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, á fi BVN kún un. Ẹ kọ àdírẹ́sì tòótọ́ sínú ọ́dà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé a kò ní béèrè orúkọ, nọ́ńbà iṣẹ́, BVN tàbí báńkì láéláé.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ju orí kọ̀ǹpútà lọ.

Gbogbo wọn dáhùn kó tó di ọjọ́ kejì, inú ọ̀gá yín sì dùn sí i. Èmi, ibẹ̀ gan-an ni ara ti fu mí. Ìdáhùn tó pé pérépéré ní ọjọ́ kan, pàréèdì ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i lójú: ọ̀gá ní kí ẹ wádìí, ẹ̀yin sọ fún àwọn olórí ẹ̀ka, olórí ẹ̀ka sọ fún sájẹ́ńtì, sájẹ́ńtì mú ìwé orúkọ jáde, ó ń fi bírò sàmì sí ẹni tó ti ṣe é, ó ń pariwo orúkọ ẹni tí kò tíì ṣe é. Kò sẹ́ni tó ṣe búburú nínú wọn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìyẹn sì ni sájẹ́ńtì rò pé òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n bá fi ìwé orúkọ lé ènìyàn kiri kò lè mú òótọ́ wálé.

Ní Britain, ọdọọdún láti 2007 ni iléeṣẹ́ ààbò wọn ti ń ṣe ìwádìí èrò àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní AFCAS. Kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ọdún, àwọn tó ń dáhùn kì í tó ìdajì àwọn tí wọ́n bi, wọ́n sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé kà, àti dídùn àti kíkorò. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì fún tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, iye tó ń dáhùn tiẹ̀ máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ní fún ìwádìí tó bá kan ènìyàn sì là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti kópa, kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pè wọ́n sí i.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ọ̀gá sọ̀rọ̀, lórí ìwé, kó sì bọwọ́ lù ú: òun ló ní kí wọ́n ṣe é, òun kò ní rí ìdáhùn ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ẹnì kan dáhùn tàbí kò dáhùn, ọjọ́ báyìí ni òun máa sọ ohun tí wọ́n rí fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó jáwọ́. Ìránnilétí tó bá kù, ibi kan náà fún gbogbo ènìyàn ni kó ti wá, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ẹ gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ sájẹ́ńtì.

Bí kò bá ní sí ipá, iye tó máa dáhùn á dín. Ẹ má bẹ̀rù. Ká ní ẹgbẹ́ yín jẹ́ 1,200. Ìdáhùn 300 tó láti sọ èrò gbogbo wọn, kí àṣìṣe má ju ìdá 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rò pé mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló máa dáhùn, 750 ni kí ẹ ṣà láìṣojúsàájú láti bi. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni àwọn tí kò dáhùn. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké kì í dáhùn tó àwọn ọ́físà, àwọn sì ni òjò ń pa. Ká ní àwọn tó wà láti kọ́pùrù sísàlẹ̀ jẹ́ 80 nínú 100 yín, ṣùgbọ́n 55 péré ni wọ́n jẹ́ nínú gbogbo 100 ìdáhùn tó wọlé. Ìdá 30 nínú tiwọn ló ní ilé tẹ́ àwọn lọ́rùn, ìdá 70 nínú ti àwọn tó kù. Bí ẹ bá kàn ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wọlé, 48 nínú 100 ni ẹ máa gbé lọ fún ọ̀gá. Bí ẹ bá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n rẹ̀ gidi, 38 ni. Mẹ́wàá tó já sáàárín yẹn, ìdílé ni wọ́n.

Fóònù àti dátà: ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà kúrú, kí àwòrán má sí níbẹ̀, kó ṣí lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ṣe dáadáa. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ẹni tó wà lẹ́nu gáàdì àti ẹni tó lọ lífù lè bá a. Ẹ ní tí bébà lọ́wọ́ pẹ̀lú, àti àpótí tí wọ́n tì pa. Ẹ má ní kí wọ́n wá lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí kíláàkì máa wo ojú wọn. Kí èdè Pijin wà lára èyí tí ènìyàn lè yàn, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú ọ̀gá ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú.

Bí ẹ ṣe béèrè ọ̀rọ̀ náà tún wà níbẹ̀. "Ṣé ilé rẹ tẹ́ ọ lọ́rùn?" jọ ìdánwò lójú ṣọ́jà: bó bá ní rárá, aláìmoore ni. Ẹ bi í pé, "Nínú oṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni òjò wọ yàrá tí o ń sùn sí?" Òótọ́ lásán nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀sùn, ọwọ́ rẹ̀ á yá láti sọ ọ́. Dípò "Ṣé aṣọ iṣẹ́ tó?" ẹ bi í pé, "Lọ́dún yìí, ṣé o fi owó ara rẹ ra bàtà iṣẹ́?" Dípò "Ṣé o fẹ́ kúrò?" ẹ bi í bóyá ó ti wá iṣẹ́ mìíràn, tàbí bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ sọ ọ́. Ẹnì kan lè má mọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀; ó mọ̀ bóyá ó ra bàtà.

Ìbéèrè kan lè wà tó gbóná jù, pàápàá èyí tó kan ohun tí òfin lòdì sí. Ọgbọ́n kan wà tí Stanley Warner dá sílẹ̀ ní 1965, tí àwọn mìíràn wá sọ di fífúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí ṣọ́jà mú owó náírà kan láti inú àpò ara rẹ̀, kó wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀, kó má fi han ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ 0 sí 4, kó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìka òótọ́ sí. Bó bá jẹ́ 5 sí 9, kó sọ òótọ́. Bí ẹ bá rí "bẹ́ẹ̀ ni" lábẹ́ ìdáhùn kan, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹni náà ni tàbí ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ti gbogbo wọn pọ̀: bí 300 bá dáhùn, nǹkan bí 150 ni owó ní kó sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Bí "bẹ́ẹ̀ ni" bá jẹ́ 180, 30 tó lé yẹn wá láti ọ̀dọ̀ 150 tó sọ òótọ́, ìyẹn ìdá 20 nínú 100. Ó ń fẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó sì ń fẹ́ àlàyé, nítorí náà ìbéèrè kan péré ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú àlàyé rẹ̀ lọ́dọ̀ ṣọ́jà mélòó kan. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó yé wọn.

Ó ku èsì tó ti wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ sókè. Ẹ sọ fún un, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, pé fọ́ọ̀mù náà gba orúkọ, àti pé ohun tó gbà fi bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un hàn, kò sọ nǹkan kan nípa òrùlé. Ẹ má sọ pé wọ́n purọ́ fún un. Àwọn kan ń bẹ tó máa fẹ́ mọ ẹni tó purọ́. Fáìlì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà nínú, ẹ pa á rẹ́, títí kan ẹ̀dà tó wà nínú Google Drive àti èyí tí kíláàkì ti gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ọ́dà ọ̀sẹ̀ náà sì sọ ọ́ pé a ti pa á rẹ́. Ìdí tí mo fi ní kó wà nínú ọ́dà ni pé ìwádìí kejì kò ní yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ lójú wọn bí wọ́n bá ṣì rò pé orúkọ wọn wà níbì kan. Kí tuntun tó jáde, ẹ ti sọ fún ọ̀gá pé nọ́ńbà rẹ̀ máa burú ju ti ìṣáájú lọ dáadáa, pé kò sí ilé tó bàjẹ́ láàárín oṣù méjì, kó sì má fi méjèèjì wéra nínú àbọ̀ kan náà. Òun náà ní ọ̀gá tó máa bi í.